Kí ni kí n sọ fún ọmọ mi kó má baà fọwọ́ kan kodín?

ÌBÉÈRÈ

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọkùnrin mi jẹ́ ọmọ ọdún 14, ó wà ní JSS 3. Wọ́n ká àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ méjì mọ́ ibi tí wọ́n ti ń mu òògùn ikọ́ oníkodín. Mo ti bá a sọ̀rọ̀ títí, mo ti gbàdúrà, mo tiẹ̀ mú un lọ wo àwọn tí igbó ti dà lórí rú, kó lè fojú ara rẹ̀ rí ìgbẹ̀yìn wọn. Bàbá rẹ̀ ní ká ra nǹkan tí wọ́n fi ń yẹ ìtọ̀ wò ní kẹ́míìsì. Ọ̀rọ̀ wo ló kù tí mo lè sọ, tí ẹ̀rù yóò fi bà á débi tí kò ní dán an wò? — Ìyá ọmọ mẹ́ta, Òṣogbo

ÌDÁHÙN

Màmá, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ. Kò sí ọ̀rọ̀ kankan tó kù. Ọmọ tó ti dé JSS 3 ti gbọ́ pé kodín burú: ó gbọ́ ọ níbi ìjọsìn, ó gbọ́ ọ nílé-ẹ̀kọ́, ó gbọ́ ọ lórí rédíò, ó sì ti gbọ́ ọ lẹ́nu yín àìmọye ìgbà. Ohun tí ẹnì kankan ò tíì kọ́ ọ ni ohun tí yóò fi ẹnu rẹ̀ sọ àti ohun tí yóò fi ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣe lọ́jọ́ tí ọ̀rẹ́ tó fẹ́ràn bá na ìgò sí i lójú àwọn mẹ́rin mìíràn. Ẹni tí wọ́n sọ fún pé ìjàǹbá ọkọ̀ ń pa èèyàn kò tíì mọ ọkọ̀ wà.

Àwọn òbí ń bi wá ní ìbéèrè yìí ṣáá, gbogbo wọn ló sì gbà pé ẹ̀rù ni ẹ̀kọ́. Mo mọ ìdí rẹ̀. Ọmọ tí ẹ̀rù bà á dákẹ́, á dorí kodò, á ní “Mo ti gbọ́, mà.” Ó dà bí ẹni pé ọ̀rọ̀ wọlé. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó ń tẹ̀lé e. Ẹ sọ fún un pé ẹni tó bá mu kodín yóò ya wèrè. Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, ó rí ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó mu ún ní Sátidé: orí rẹ̀ pé, ó ń gbá bọ́ọ̀lù, máàkì rẹ̀ nínú ìṣirò tiẹ̀ ju ti ọmọ yín lọ. Ibi tí ọmọ yín yóò parí èrò sí ni pé màmá òun ò mọ nǹkan kan nípa ọ̀rọ̀ yìí. Láti ọjọ́ náà, èyí tó jẹ́ òótọ́ nínú ọ̀rọ̀ yín ti bá àbùmọ́ lọ.

Òótọ́ tó wà ńbẹ̀ sì tó. Kodín àti tramadol, òògùn ìrora kan tó lágbára, máa ń dín agbára èémí kù; tí ọtí bá bá wọn pàdé nínú ara, èémí lè dá lójú oorun. Tramadol lè mú kí gìrì gbé èèyàn, pàápàá tó bá pọ̀ tàbí tí wọ́n bá pò ó mọ́ nǹkan mìíràn. Tí ara bá ti mọ́ ọn, á bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè rẹ̀, tí kò bá rí i, àìsàn ni. Lẹ́yìn èyí, láti oṣù karùn-ún ọdún 2018 ni ìjọba àpapọ̀ ti fòfin de ṣíṣe òògùn ikọ́ oníkodín àti kíkó o wọlé. Ohun tí wọ́n ń tà ní kọ̀rọ̀ báyìí, kò sí ẹni tó lè fọwọ́ sọ̀yà ohun tó wà nínú ìgò náà. Ẹ sọ gbogbo èyí fún un bó ṣe rí gẹ́lẹ́, lẹ́ẹ̀kan, láìfi iyọ̀ sí i.

Wọ́n ti dán ọ̀nà ẹ̀rù wò, wọ́n sì ti wọ̀n ọ́n. Ní àwọn ọdún 1970, wọ́n ń kó àwọn ọ̀dọ́langba lọ sí ọgbà ẹ̀wọ̀n Rahway ní New Jersey, ní Amẹ́ríkà, kí àwọn tí wọ́n dá ẹ̀wọ̀n gbére fún lè jágbe mọ́ wọn. Aráyé pàtẹ́wọ́. Nígbà tí àwọn olùwádìí wá fi àwọn ọmọ tí wọ́n kó la irú ètò bẹ́ẹ̀ kọjá wé àwọn tí wọn ò kó lọ, àwọn tí wọ́n kó lọ ló tún ń rú òfin jù. Ní Los Angeles, ní 1983, ètò D.A.R.E. bẹ̀rẹ̀: ọlọ́pàá á wọ kíláàsì, á máa kìlọ̀ nípa òògùn olóró. Ó tàn ká gbogbo Amẹ́ríkà, owó ńlá sì bá a lọ, ṣùgbọ́n ìwádìí kan lé òmíràn ló fi hàn pé kò dín ìlò òògùn kù lọ́nà tó tọ́jọ́. Ní 2009 wọ́n gba ìlànà mìíràn tí wọ́n gbé ka orí kíkọ́ ọmọ bí a ti ń kọ̀ àti bí a ti ń yẹra. Síbẹ̀, títí dòní, àwọn kan ṣì ń gba owó lọ́wọ́ ilé-ẹ̀kọ́ wa láti fi àwòrán ẹ̀dọ̀fóró tó ti jẹrà dẹ́rù ba ọmọ fún wákàtí kan, kí wọ́n sì wọ ọkọ̀ lọ. Inú máa ń bí mi sí ìyẹn, torí owó àti àkókò tó yẹ ká fi kọ́ ọmọ ni wọ́n ń gbà.

Gbólóhùn kan tún wà tó burú ju ẹ̀rù lọ: “Gbogbo ọmọ àsìkò yìí ló ń ṣe é.” Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ ọ́ mọ́. Ohun tí ọmọ ń gbọ́ nínú rẹ̀ ni pé òun nìkan ló kù. Irọ́ sì ni. Ìwádìí ọdún 2018 tí UNODC, àjọ Ìparapọ̀ Orílẹ̀-èdè Àgbáyé tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òògùn olóró àti ìwà ọ̀daràn, àti àjọ ìṣirò ìjọba àpapọ̀ jọ ṣe rí i pé nínú àwọn tó wà láàárín ọdún 15 sí 64, ìdá 14.4 nínú ọgọ́rùn-ún ló lo òògùn olóró láàárín ọdún kan ní Nàìjíríà. Ní ìpínlẹ̀ mẹ́fà gúúsù ìwọ̀-oòrùn, ó jẹ́ 22.4. Iye yẹn pọ̀, ó sì ń dunni. Ṣùgbọ́n ẹ kà á láti apá kejì: nínú ẹni 10 lọ́dọ̀ wa, ó lé ní 7 tí kò fọwọ́ kàn án. Ẹ jẹ́ kí ọmọ yín mọ̀ pé ẹni tó kọ̀ ló pọ̀.

Ó yá, ohun tí ẹ ó ṣe. Àjọ Ìlera Àgbáyé ti to ọgbọ́n ìgbé ayé 10 sílẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, láti orí ìpinnu ṣíṣe títí dé mímọ bí ara ṣe ń ṣe ọmọlàkejì. Ẹ má jẹ́ kó dà yín láàmú, mẹ́ta tó lè gba ọmọ yín ni kí ẹ mú.

Àkọ́kọ́ ni kíkọ̀, òun ló sì gba ìdánrawò jù. Ẹ ya ìṣẹ́jú 10 sọ́tọ̀, lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, fún nǹkan bí oṣù kan. Kó má jẹ́ lẹ́yìn ìbáwí, kó má sì jẹ́ lójú àwọn àbúrò rẹ̀. Ẹ dìde dúró, torí orí ìdúró ni wọ́n ti sábà ń fi í lọni. Ẹ wá ìgò òfìfo kan.

Lákọ̀ọ́kọ́, òun ni kó ṣe ọ̀rẹ́ tó ń fi lọni, kí ẹ̀yin ṣe òun. Báyìí lẹ ó ṣe gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ ní tòótọ́: “Tọ́ ọ wò, kò lè pa ẹ́.” “Ṣé sùẹ̀gbẹ̀ lo fẹ́ máa ṣe títí ayé ni?” “Gbogbo wa la ti mu, ìwọ nìkan ló kù.” Tí ẹ bá bi í pé “Níbo lo ti gbọ́ ìyẹn?”, ẹ ti ba iṣẹ́ jẹ́, kò tún ní là á fún yín mọ́.

Lẹ́yìn náà, ẹ pààrọ̀ ipò. Ohun tí ẹ ń wá lẹ́nu rẹ̀ ni gbólóhùn kúkúrú kan: “Rárá, mi ò mu ún.” Kó wo ojú ẹni náà. Kó má pariwo, kó má sì sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́. Kó má rẹ́rìn-ín, torí “bóyá” ni wọ́n máa ń ka ẹ̀rín sí. Kó má sì ṣàlàyé, nítorí ibẹ̀ gan-an ni ọ̀pọ̀ ọmọ ti ń ṣubú. Ọmọ á ní “Mo ní ìdánwò lọ́la,” ọ̀rẹ́ á ní “Díẹ̀ ni, á ti kúrò lójú ẹ kílẹ̀ tó mọ́.” Ìdí tó bá sọ ni wọ́n á bá a jiyàn lé lórí. Tí wọ́n bá tún fi lọ̀ ọ́, kó tún gbólóhùn kan náà sọ, láìyí i padà. Tó bá di ẹ̀ẹ̀kẹta, kó kúrò níbẹ̀. Nínú ìdánrawò yín, kó rìn jáde nínú yàrá ní ti gidi, kì í ṣe kó ní “lẹ́yìn náà màá lọ.” Ara tó ti ṣe é rí ló máa ń rántí nígbà tí ojú bá ń tini.

Ìdí kan ṣoṣo ló dáa kó sọ: ẹ̀yin. “Màmá mi máa ń gbóòórùn ẹnu mi kí n tó wọlé.” Kò sẹ́ni tó máa bá a jiyàn lórí ìwà màmá rẹ̀. Kí ẹ sì máa gbóòórùn ẹnu náà lóòótọ́, kó má baà jẹ́ pé ẹ kọ́ ọ nírọ́.

Ẹ rántí pé ohun tí wọ́n ń fi lọni kì í fìgbà gbogbo wà nínú ìgò òògùn. Skúṣì jọ zóbò, torí zóbò ni wọ́n fi ṣe é, wọ́n á wá po tramadol, kodín tàbí igbó mọ́ ọn. Wọ́n ń po igbó mọ́ kéèkì àti bisikíìtì náà. Lóde ọjọ́ ìbí, ohun tí ìdérí rẹ̀ ṣì dì ni kó mu, kó fọwọ́ ara rẹ̀ ṣí i. Ife tó bá gbé sílẹ̀ lọ jó, kó má padà sídìí rẹ̀.

Ọgbọ́n kejì ni ìpinnu ṣíṣe. Ìbéèrè mẹ́ta ló tó: kí ló lè ṣẹlẹ̀ lálẹ́ òní? Kí ló lè ṣẹlẹ̀ lọ́la? Ta ló máa wà níbẹ̀ pẹ̀lú mi tó bá bàjẹ́? Kò lè fi ọ̀rọ̀ òògùn kọ́ èyí. Nǹkan kékeré ni kó fi kọ́ ọ. Ẹ fún un lówó ọ̀sẹ̀ kan lẹ́ẹ̀kan náà, tó bá ná an tán lọ́jọ́ Túsìdeè, ẹ má fi kún un, ẹ kàn jọ sọ̀rọ̀ lórí ibi tó gbà lọ. (Oúnjẹ ilé ò sí nínú èyí o. Ẹ má fi ebi kọ́ ọmọ.) Ọmọ tí òbí ń bá ṣe gbogbo ìpinnu yóò wá ẹlòmíràn tí yóò máa bá a ṣe é níta.

Ẹ̀kẹta ni kó mọ ohun tó ń ṣe é lára àti lọ́kàn. Àárẹ̀, ìbínú, ìdánwò tàbí àìsùn máa ń ti ọmọ sídìí òògùn láìsí ọ̀rẹ́ kankan ńbẹ̀. Ọmọ ọdún 13 sí 18 nílò oorun wákàtí 8 sí 10. Ẹ ka ti ọmọ yín.

Ẹ jọ fohùn ṣọ̀kan lórí àmì kan. Tí ó bá fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí yín pé “Ṣé màmá àgbà ti jẹun?”, kí ẹ pè é lójú ẹsẹ̀, kí ẹ pariwo dáadáa pé kó máa bọ̀ nílé kíá. Ẹ lọ mú un. Lálẹ́ ọjọ́ náà, ẹ má bi í ní nǹkan kan. Ẹ fi ọ̀rọ̀ sí àárọ̀. Tí ẹ bá nà án lẹ́ẹ̀kan péré lẹ́yìn tó pè yín, kò ní pè yín mọ́, ìgbà tí kò bá sì pè ni ewu wà.

Ní ti àyẹ̀wò ìtọ̀, ẹ bá mi sọ fún bàbá rẹ̀ kó fowó rẹ̀ pamọ́. Púpọ̀ nínú èyí tí wọ́n ń tà fún kodín àti àwọn ìbátan rẹ̀ ni kì í rí tramadol. Ọmọ lè mu ún kí àbájáde sì ní kò mu nǹkan kan, ọkàn yín á wá balẹ̀ lásán. Ohun tó ṣe pàtàkì jù ni pé kí bàbá yéé rán an lọ ra ọtí àti sìgá, kí ẹ sì ti òògùn ìrora àti òògùn ikọ́ inú ilé mọ́nú àpótí tó ní kọ́kọ́rọ́. Ẹ tún bi olùdámọ̀ràn ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀ bóyá wọ́n ń kọ́ ètò Unplugged, ẹ̀kọ́ 12 tí UNODC ràn án lọ́wọ́ láti wọ àwọn ilé-ẹ̀kọ́ kan ní Nàìjíríà. Ìdánrawò pọ̀ nínú rẹ̀.

Gbogbo èyí wà fún ọmọ tí kò tíì bẹ̀rẹ̀. Mi ò rí ọmọ yín, ìdáhùn orí ìwé kò sì lè rọ́pò àyẹ̀wò. Tí ó bá ti ń mu ún, ẹ má gbé e lọ síbi tí wọ́n ti ń fi ṣẹ́ẹ̀nì de èèyàn, ẹ má sì ra àgúnmu tí wọ́n ní ó ń pa ìfẹ́ òògùn. Ẹ mú un lọ sí ilé ìwòsàn ọpọlọ bíi ti Arò ní Abẹ́òkúta tàbí ti Yàbá ní Èkó, tàbí kí ẹ pe NDLEA, àjọ ìjọba tó ń gbógun ti òògùn olóró, lórí 0800 1020 3040, ọ̀fẹ́ ni.

Tí ẹ bá bá ọmọ níbi tó sùn tí kò jí, tó ń hanrun bí ẹni tí ọ̀fun rẹ̀ dí, tí èémí rẹ̀ lọ́ra tàbí tí ètè rẹ̀ ń dúdú, ẹ fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lélẹ̀ kí èébì má baà fún un pa, kí ẹ sì gbé e lọ sílé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀. Ẹ má rọ mílíìkì tàbí epo pupa sí i lẹ́nu, ẹ má ki ṣíbí bọ ẹnu rẹ̀, ẹ má sì fi sílẹ̀ kó “sùn ún tán.” Ẹ mú ìgò tàbí páálí ohun tó mu dání, kí dókítà lè mọ ohun tó ń bá jà.