Ìbéèrè àti Ìdáhùn: Ṣé adápítọ̀ tó bá ti wọ ihò Mega Drive náà ló ṣeé lò?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá. Mo fẹ́ ra ẹ̀rọ géèmù Sega Mega Drive tókúnbọ̀ kan l'Alábà, èyí àkọ́kọ́ tó fẹ̀, tó ti London dé, pẹ̀lú kásẹ́ẹ̀tì géèmù mẹ́rin. Kò ní adápítọ̀. Ọlọ́jà ní kò sí wàhálà, pé ti router (ẹ̀rọ íńtánẹ́ẹ̀tì) ilé mi á wọ̀ ọ́. Ṣé owó tó pè é kò ti pọ̀ jù?

ÌDÁHÙN: Ẹ jẹ́ ká fi ti owó sílẹ̀ ná. Ẹ̀rọ tí ẹ kò tíì rí kó gbé géèmù sórí tẹlifíṣọ̀n, ẹ kò lè mọ iye tó yẹ ẹ́.

Ọ̀rọ̀ router yẹn ló bí mi nínú, torí ó ti sú mi kí wọ́n máa gbé èyí tó jóná báyìí wá bá mi. Pé adápítọ̀ wọ ihò kò ní kó bá ẹ̀rọ mu. Ìgò epo pupa àti ìgò kẹrosíìnì lè gba ìdérí kan náà, ta ló máa torí ìyẹn da kẹrosíìnì sọ́bẹ̀?

Ẹ yí adápítọ̀ náà, kẹ́ ẹ ka ẹ̀yìn rẹ̀. Mega Drive àkọ́kọ́, tó jáde ní Japan lọ́dún 1988, tó sì dé Yúróòpù ní 1990, ń fẹ́ fólítì 9, DC, ampere 1.2 ó kéré tán. (Kí ampere jù bẹ́ẹ̀ lọ kò léwu, ìwọ̀n tó nílò ló máa fà.) DC ni iná tó ń gba ọ̀nà kan ṣoṣo lọ. Lẹ́yìn náà, ẹ wá àwòrán òbìrìkìtì kékeré tó ní + lápá kan àti − lápá kejì. Ti Mega Drive yìí, − ló gbọ́dọ̀ so mọ́ àmì kékeré tó wà láàárín. Ti router, + ló sábà máa ń wà láàárín, púpọ̀ nínú wọn sì jẹ́ fólítì 12. Tẹ́ ẹ bá ki ti router bọ̀ ọ́, ẹ ti gbé iná gba òdì. Ti Nintendo NES, ẹ̀rọ géèmù mìíràn, tún burú jù: ó wọ ihò Mega Drive rẹ́gí, àmọ́ AC, iná tó ń lọ tó ń bọ̀, ló ń tú jáde. Kapásítọ̀ (ohun tó ń tọ́jú iná pamọ́ nínú ẹ̀rọ) lè bẹ́, IC (àwọn ṣíìpù inú rẹ̀) náà lè jóná. Ẹni tó bá ní òun ti lò ó rí tí nǹkan kan ò ṣe é, ẹ má fi ẹ̀rọ yín dán ọ̀rọ̀ ẹ̀ wò.

Adápítọ̀ Amẹ́ríkà sì rèé, fólítì 120 ni wọ́n ṣe é fún. Ẹ má kì í bọ iná NEPA.

Ẹ ra adápítọ̀ tó yẹ kẹ́ ẹ tó padà lọ. Kí wọ́n tan ẹ̀rọ náà fún bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lójú yín, kẹ́ ẹ gbọ́ ohùn rẹ̀, kẹ́ ẹ dán ihò páàdì (ohun ọwọ́ tí wọ́n fi ń ta géèmù) méjèèjì wò, kẹ́ ẹ sì ki kásẹ́ẹ̀tì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bọ̀ ọ́. Kí ẹ̀rọ náà lọ́wọ́ọ́wọ́ kì í ṣe àìsàn. Kásẹ́ẹ̀tì tí kò bá gbé géèmù wá, ẹ má fẹnu fẹ́ ẹ, omi ẹnu ń ba irin ibẹ̀ jẹ́. Òwú tí wọ́n rẹ sínú spirit ni kẹ́ ẹ fi nù ún, kó gbẹ dáadáa. Kásẹ́ẹ̀tì Japan kì í wọ ẹnu ti London, ẹ má jẹ́ kí wọ́n fipá tì í.

Mi ò fojú rí ẹ̀rọ náà o, ẹ jẹ́ kí oníṣẹ́ tó mọ̀ ọ́n bá yín wò ó. Tí ọlọ́jà bá kọ̀ pé ẹ ò lè tan án, ẹ fi í sílẹ̀ fún un.