Kò sí èròjà àṣírí nínú irú

Okun o, àbúrò mi.

Mo ka ìbéèrè rẹ lẹ́ẹ̀mejì, mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Mi ò fi ọ́ ṣẹ̀sín o, ara mi ni mo rí níbẹ̀. O ní o ra irúgbá múdù méjì ní Àbújá láti fi ṣe irú, o sè é fún wákàtí mẹ́rin lórí gáàsì, èèpo rẹ̀ kọ̀, kò bọ́. O fi èékánná bó èyí tí agbára rẹ ká, o dì í sínú ike onídèérí. Nígbà tó di ọjọ́ kẹta, ó ń fà, ó ń rùn bí òkú eku, ọkọ rẹ sì ti gbé e dànù kí o tó jí. O wá bèèrè pé èròjà wo ni àwọn ìyá wa ń fi sí i tí wọn ò sọ fún wa.

Wọn ò fi nǹkan kan sí i. Èmi náà rò bẹ́ẹ̀ fún odindi ọdún mẹ́ta, mo ń wá ohun tí kò sọnù.

Ìsánlú ni wọ́n ti tọ́ mi dàgbà, ní Yàgbà, lọ́dọ̀ ìyá tó bí ìyá mi. Abẹ́ ìpínlẹ̀ Kwárà la ṣì wà nígbà náà; ọdún 1991 tí wọ́n dá Kogí sílẹ̀, mo ti wà ní ilé-ẹ̀kọ́ girama. Láti bí oṣù kejì títí òjò àkọ́rọ̀ fi máa ń bẹ̀rẹ̀, èso irúgbá á gbó sórí igi, á dúdú, á gùn, á máa rọ̀ dirodiro bí ẹni sá bẹ́líìtì sórí ẹ̀ka. Àwa ọmọdé ò bìkítà fún irú. Ìyẹ̀fun aláwọ̀ ìyeyè tó wà nínú èèpo ni tiwa. Ó dùn, àmọ́ ó máa ń lẹ̀ mọ́ àjà ẹnu, bí o bá sì rẹ́rìn-ín nígbà tó wà lẹ́nu rẹ, ọ̀nà ọ̀fun ló ń gbà. Àbúrò mi ọkùnrin á dúró kí ẹnu gbogbo wa kún, á wá sọ ọ̀rọ̀ apanilẹ́rìn-ín kan. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n nà án nítorí ọ̀rọ̀ yìí, kò jáwọ́. Wóró tí a bá tu síta ni Ìyá àgbà ń fẹ́. Á kó o jọ, á fọ̀ ọ́, á sá a, á tọ́jú rẹ̀ sínú akèrègbè.

Ìrọ̀lẹ́ ló máa ń gbé e kaná, nínú ìkòkò ńlá, ní ààrò ẹ̀yìnkùlé. A ó jẹun alẹ́, a ó pa àlọ́, àwọn kan á sùn lọ, ìkòkò ṣì ń hó. Lóru, mo máa ń gbọ́ ọ tó ń ti igi síwájú nínú ààrò, tó ń bu omi kún un. Omi gbígbóná ló ń bù sí i, kì í bu tútù. Nígbà tí ilẹ̀ bá fẹ́ mọ́, á yọ wóró kan, á fẹ́ ẹ, á fi ìka méjì tẹ̀ ẹ́. Bí èèpo bá yọ̀ kúrò bí ẹsẹ̀ ọmọdé ṣe ń yọ̀ nínú bàtà bàbá rẹ̀, ó tó. Bó bá di pé ó fẹ́ lo èékánná, á dá wóró náà padà, á ní, "Kò tíì gbà." Bó ṣe máa ń sọ ọ́ nìyẹn, bí ẹni pé wọ́n ń bẹ irú náà lẹ́bẹ̀ kan tí kò tíì dá wọn lóhùn.

Ṣé o rí i báyìí? Wákàtí mẹ́rin tìrẹ, àárín ọ̀nà lo ti sọ ọ́ kalẹ̀. Lórí iná lásán, bíi wákàtí méjìlá ni irúgbá ń fẹ́, òmíràn a sì máa kọjá bẹ́ẹ̀. Èèpo rẹ̀ le bí ìṣó. Pẹ̀lú owó gáàsì ayé ìsinsìnyí, mi ò ní sọ fún ọ pé kí o dáná mọ́jú. Ìkòkò onípẹ́ṣà ni kí o wá, bí o bá ní láti yá a, yá a. Rẹ irúgbá mọ́jú, má jẹ́ kó kọjá ìdajì ìkòkò, fi omi tó pọ̀ sí i, jẹ́ kó hó fún wákàtí kan ààbọ̀, kí o wá tẹ̀ ẹ́ wò. Bí kò bá tíì gbà, dá a padà. Tèmi máa ń gbà tó bíi wákàtí méjì. Irúgbá tó ti pẹ́ lọ́jà le ju tuntun lọ, nítorí náà ìka rẹ ni kí o gbà gbọ́, má gba aago gbọ́.

Ní ti bíbó, Ìyá àgbà máa ń da eérú àti yanrìn díẹ̀ sí i nínú odó, á gún un jẹ́jẹ́, bí ẹni ń fi ọmọ odó pa á lójú, a ó wá gbé e lọ sódò nínú apẹ̀rẹ̀. Èèpo á máa bá omi lọ, wóró á jókòó. Iṣẹ́ ọmọdé nìyẹn, omi tútù nini, mo kórìíra rẹ̀. Ìwọ tó wà nínú fúláàtì, má wulẹ̀ wá yanrìn kiri. Bó bá ti jinná dáadáa, àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì ti tó: da á sínú agbada, fi ọwọ́ ra á, da omi sí i, gbọ́n èèpo tó bá léfòó dànù, tún un ṣe títí omi á fi mọ́. Yanrìn tí mo lò nígbà kan, ọbẹ̀ oṣù méjì la fi jẹ ẹ́. Ọkọ mi ní òun rò pé eyín òun ló ń fọ́.

Ẹ̀yìn bíbó gan-an ni wàhálà mi wà. Lẹ́yìn ìgbéyàwó, Kábbà la kó wá, yàrá méjì, onílé ń gbé ìsàlẹ̀. Mo ní kí n ṣe irú bí ti Ìyá àgbà, mo sè é gbogbo òru Sátidé, ó gbà. Mo tún un sè lẹ́ẹ̀kejì bíi wákàtí kan, mo sẹ́ ẹ, mo sì dà á ní gbígbóná sínú ike, mo dé e pa. Àṣìṣe tìrẹ gan-an. Ooru rẹ̀ di omi, omi ń kán lu irú, kò rí ibi mí. Lọ́jọ́ kẹta, ìyàwó onílé kan ilẹ̀kùn, ó béèrè pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ pé ṣé eku ò kú sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì wa. Ìtìjú ọjọ́ náà!

Ẹlẹ́ẹ̀kejì, mo ní n kò ní jẹ́ kó rùn, mo da iyọ̀ sí i láti ìbẹ̀rẹ̀. Ọjọ́ mẹ́rin, irú ò yí padà, ó kàn wà bí ẹ̀wà tí wọ́n gbàgbé. Iyọ̀ kì í jẹ́ kó ṣiṣẹ́. Ìgbẹ̀yìn ló ń wọlé, bí irú bá ti di irú tán. Ẹlẹ́ẹ̀kẹta, ọ̀yẹ́ ń mú. Mo tò ó sínú igbá, mo fi ewé bò ó, mo gbé e sórí sìmẹ́ńtì nínú kíṣìnì. Ìwọ náà mọ sìmẹ́ńtì Kábbà lóṣù kìíní. Ó funfun títí ọjọ́ kẹta, lọ́jọ́ kárùn-ún ó hu irun dúdú. Mo jókòó tì í, mo sunkún. Oyún wà nínú mi nígbà náà, ẹ má dá mi lẹ́jọ́.

Ìyá mi ni mo pè. Mo ní, "Màámi, kí ni Ìyá àgbà máa ń fi sí irú?" Ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní, "Kíjìpá ńkọ́?"

Mo ti gbàgbé pátápátá. Nílé wa, òfì kan wà tó fara ti ògiri ọ̀dẹ̀dẹ̀, irú òfì tí àwọn obìnrin Okun, àwa Yorùbá ìpínlẹ̀ Kogí, ń lò, tó dúró gbọnrangandan, tí obìnrin á jókòó síwájú rẹ̀. Ibẹ̀ ni Ìyá àgbà ti ń hun aṣọ bí iṣẹ́ oko bá dínkù. Ìrànwú tirẹ̀ ló fi ran òwú, pákó pẹlẹbẹ kan ló fi ń gbá òwú náà mọ́ra, ìró rẹ̀ ló máa ń jí mi lọ́sàn-án: gbà, gbà, á dákẹ́, gbà. Kíjìpá ni aṣọ tó ń ti ibẹ̀ jáde, ó nípọn tó bẹ́ẹ̀ tí ọmọ ọwọ́ ò lè ká a. Wọ́n ní kíjìpá laṣọ ọ̀lẹ. Ẹni tó sọ ọ́ ò sun ìta lóṣù ọ̀yẹ́ rí. Kíjìpá kan wà tó ti gbó, tí aró rẹ̀ ti ṣí di àwọ̀ eérú, ti irú nìyẹn. Bí irú bá ti jinná lẹ́ẹ̀kejì, á sẹ́ ẹ, á jẹ́ kó fẹ́rẹ̀ẹ́ lọ́ wọ́ọ́rọ́, á tẹ́ ewé sínú apẹ̀rẹ̀, á dà á sí i, á fi ewé bò ó, á wá fi kíjìpá yẹn wé gbogbo apẹ̀rẹ̀ bí ìgbà tí wọ́n fi ọjá gbọ́mọ. Ẹ̀gbẹ́ ààrò tí iná ti kú ló ń gbé e sí. Tí a bá sún mọ́ ọn, á ní ká má jí i.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó kàwé iṣẹ́ àgbẹ̀ ló wá ṣàlàyé rẹ̀ fún mi lọ́jọ́ kan. Ó ní àwọn kòkòrò tí ojú ò lè rí ló ń sọ wóró di irú, Bacillus subtilis lorúkọ wọn, ara ewé àti igbá ni wọ́n máa ń wà, sísè gan-an kì í pa gbogbo wọn. Ooru ni wọ́n ń fẹ́, bíi dígírì 35 sí 40, afẹ́fẹ́ náà sì gbọ́dọ̀ máa dé ọ̀dọ̀ wọn. Ó ti ẹ̀rọ ìwọn-ooru rẹ̀ bọ àárín apẹ̀rẹ̀ mi lọ́jọ́ kejì, ó ka 38. Irú yẹn ń móoru fúnra rẹ̀, bí ara èèyàn! Kíjìpá kò gbé ooru wá, èyí tí irú ń ṣe ni kò jẹ́ kó sá lọ, afẹ́fẹ́ sì ń gba inú òwú kọjá. Ike tèmi tìrẹ pa afẹ́fẹ́ mọ́ ìta, sìmẹ́ńtì mi sì jí ooru lọ. Ìyá àgbà ò gbọ́ orúkọ Bacillus rí títí ó fi kú.

Nítorí náà, ṣe báyìí. Lẹ́yìn tí o bá ti bó o tán, tún un sè fún bíi wákàtí kan títí wóró á fi rọ̀ tí kò ní fọ́. Sẹ́ omi rẹ̀ dáadáa, má jẹ́ kó rin gbindin. Tẹ́ ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ tàbí ewé eéran sínú apẹ̀rẹ̀ tàbí ajere, dà á sí i nígbà tó ṣì lọ́ wọ́ọ́rọ́, fi ewé bò ó, fi bùláńkẹ́ẹ̀tì tí o ò ní lò mọ́ wé e (kò ní ṣeé lò mọ́ fún nǹkan mìíràn, mo búra). Bí ilé rẹ bá tutù, tàbí bí ẹ̀rọ amúlétutù bá ń ṣiṣẹ́, gbé gbogbo rẹ̀ sínú kúlà ńlá, fi ìgò omi gbígbóná kan tì í, má sì dé kúlà náà pa. Fi ìdérí lé e ní ẹ̀gbẹ́ kan.

O sọ pé ó ń fà. Àbúrò mi, fífà kọ́ ni àìsàn irú. Irú tó dára máa ń fà díẹ̀ bí ilá. Òórùn ni kí o fi dá a mọ̀. Èyí tó dára á ta ọ́ nímú, bí ìgbà tí o ṣí yàrá tí ọmọ ti tọ̀ sórí ibùsùn, àmọ́ o ó gbọ́ òórùn ọbẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Bó bá ń kan bí ògì, tàbí ó ń rùn bí òkú ẹran, tàbí ó hu irun dúdú tàbí aláwọ̀ ewé, dà á nù, má fi iyọ̀ tàn án. Àwọ̀ rẹ̀ náà á ti kúrò ní funfun, á ti pọ́n, á fẹ́rẹ̀ẹ́ dúdú. Ìgbà yẹn ni kí o fi iyọ̀ sí i, kí o pín in sínú ọ̀rá kéékèèké, kí o kó o sínú fìríìsà, tàbí kí o sá a fún ọjọ́ kan méjì. Irú wooro nìyẹn, tí wóró rẹ̀ kì í fọ́. Irú pẹ̀tẹ̀, èyí tó máa ń rọ̀ gan-an, ní tiẹ̀ tún fẹ́ káún nígbà sísè kejì, mi ò ní parọ́, n kì í ṣe é, mo máa ń rà á lọ́jà.

Ẹnì kan tún béèrè lábẹ́ ìbéèrè rẹ bóyá ẹ̀wà sóyà lè dípò irúgbá. Ó lè dípò rẹ̀, ó tilẹ̀ yá jù ú lọ, èèpo rẹ̀ kò le. Àmọ́ nínú ọbẹ̀ ẹ̀gúsí tí a fẹ́ fi jẹ iyán, mo máa ń mọ̀ ọ́n láti òkèlè àkọ́kọ́, Ìyá àgbà á sì ti mọ̀ ọ́n láti ẹnu ọ̀nà.

Nígbà tó kú, tí wọ́n ń pín ẹrù, àwọn ẹ̀gbọ́n ìyá mi mú aṣọ òkè, wọ́n mú ìlẹ̀kẹ̀. Kò sẹ́ni tó fọwọ́ kan kíjìpá eléérú yẹn nítorí òórùn rẹ̀. Èmi ni mo ká a sínú àpò mi. Ọ̀kan náà ló wà lórí irú mi láàárọ̀ yìí bí mo ṣe ń kọ èyí, mo ti lẹ̀ ẹ́ níbi mẹ́ta.

Bí o bá rẹ irúgbá ní alẹ́ ọjọ́ Ẹtì, ìrọ̀lẹ́ Sátidé lo máa wé e. Má ṣí i wò kí ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́rú tó kọjá bí ilé bá tutù. Bí ooru bá mú, ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun ti tó. Kí o sì mú bébà, kí o kọ "IRÚ NI O" gàdàgbà sára bùláńkẹ́ẹ̀tì náà, kí ọkọ rẹ má tún ṣáájú rẹ jí.