Ọkọ mi fẹ́ ra ajá Caucasian, èmi fẹ́ Lhasa

Àbúrò mi, mo ka lẹ́tà ẹ. O ní flat oníyàrá méjì lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì lẹ̀ ń gbé n'Ìbàdàn, àbíkẹ́yìn yín ò tíì pé ọdún mẹ́rin, olè wọ ilé kejì yín ni ọkọ ẹ bá ní ajá ńlá tí wọ́n ń pè ní Caucasian lòun máa rà, ìwọ ní ajá kékeré tí wọ́n ń pè ní Lhasa ni torí àwọn ọmọ, ó wá di ìjà, ẹ ò bára yín sọ̀rọ̀ mọ́.

Jọ̀ọ́, ẹ má ra Caucasian yẹn o. Orí òkè lápá Rọ́ṣíà àti Georgia, níbi tí yìnyín ti ń bọ́, ni wọ́n ti ń fi ṣọ́ àgùntàn, irun ẹ̀ nípọn bíi búláńkẹ́ẹ̀tì, tó bá dàgbà ó lè ju kílò 50 lọ. Oòrùn oṣù kẹta n'Ìbàdàn, NEPA ti mú iná lọ, ṣe ló máa nà gbalaja sílẹ̀, á yọ ahọ́n síta, á máa mí hẹlẹhẹlẹ. Kì í sì í gba àlejò, bẹ́ẹ̀ àtẹ̀gùn kan náà ni gbogbo aráalé yín ń gbà, ọmọ ọlọ́mọ ń sáré gòkè sọ̀kalẹ̀, ọkàn mi ò balẹ̀ sí i rárá.

Lhasa ò tóbi, ó sì máa ń gbó tó bá gbúròó àjèjì, àmọ́ irun ẹ̀ gba kéèyàn máa yà á déédéé, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ á ta kókó, eégbọn á ráyè sá sábẹ́ ẹ̀. Ẹ̀ ń jáde laago mẹ́fà ìdájí, alẹ́ lẹ̀ ń wọlé, ta ló fẹ́ yà á? Ajá tó ń dá wà látàárọ̀ dalẹ́ á gbó títí, á họ ilẹ̀kùn, àánú ẹ̀ ló ń ṣe mí jù.

O mẹ́nu bà á pé ìyá ọkọ ẹ ń bọ̀ wá bá yín gbé. Ẹ dúró dè wọ́n, kẹ́ ẹ sì bi wọ́n bóyá wọ́n fẹ́ ajá, torí ọwọ́ wọn ló máa wà. Tí wọ́n bá gbà, ajá ìbílẹ̀ ni kẹ́ ẹ mú, èyí táwọn kan ń pè ní ekuke. Irun ẹ̀ kúrú, ooru ò dà á láàmú, ó sì mọ olè lé. Kó ti pé ọ̀sẹ̀ 8 kẹ́ ẹ tó gbà á, kẹ́ ẹ sì rí ìyá ẹ̀, tí ìyá bá ń bu èèyàn jẹ, ẹ fi í sílẹ̀. Ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn ẹranko ní UI fún abẹ́rẹ́ parvo, àrùn ìgbẹ́ gbuuru tó ń pa ọmọ ajá, tó bá pé oṣù mẹ́ta kó gba ti dìgbòlugi, dókítà á sọ ìgbà tó máa tún un gbà.

Ní ti olè, ẹ ṣe irin sí fèrèsé báyìí ná. Kó o sì fi èyí han ọkọ ẹ kó tó sanwó.