Ṣé òótọ́ ni àwòrán inú ìwé ìròyìn Signal àtijọ́?

Ẹ ní ẹ rí Signal ọdún 1943 kan lọ́wọ́ ẹni tó ń ta ìwé àlòkù ní Ọjà Ọba, Àkúrẹ́, ẹ sì fẹ́ mọ̀ bóyá àwòrán inú rẹ̀ ṣeé gbà gbọ́. Fọ́tò gidi ló pọ̀ jù níbẹ̀, àmọ́ ẹ má fi ṣe ẹ̀rí ohun tó ṣẹlẹ̀ lójú ogun.

Àwọn ológun Jámánì ló ń tẹ̀ ẹ́ jáde láti 1940 sí 1945, ní èdè tó lé ní 20, fún àwọn ará ilẹ̀ mìíràn. Ohun tí wọ́n fi pa mọ́ ló burú jù: ẹ ó rí sójà tó ń rẹ́rìn-ín, ẹ ò ní rí àwọn Júù tí wọ́n ń pa.

Ẹ kọ́kọ́ wo déètì rẹ̀. Ọjọ́ 2 oṣù Kejì 1943 ni àwọn tó kù nínú ọmọ ogun Jámánì ní Stalingrad, ìlú kan ní Rọ́ṣíà, túúbá. Bí tiyín bá jáde lẹ́yìn ìyẹn, ẹ wo bí ó ṣe sọ ọ́, tó bá tiẹ̀ sọ ọ́. Lẹ́yìn náà, ẹ fọwọ́ bo ọ̀rọ̀ abẹ́ fọ́tò, kí ẹ wo ohun tí fọ́tò náà fúnra rẹ̀ fi hàn. Inú ọ̀rọ̀ abẹ́ fọ́tò ni irọ́ máa ń sá sí.

Kì í ṣe Jámánì nìkan o. Nínú fọ́tò tí Yevgeny Khaldei, ayàwòrán ọmọ Soviet, yà, níbi tí sójà Soviet ti ń ta àsíá lórí Reichstag, ilé aṣòfin Jámánì ní Berlin, ní 1945, aago wà ní ọrùn ọwọ́ méjèèjì ẹni tó di sójà náà mú. Wọ́n pa aago kan rẹ́ kí Ogonyok, ìwé ìròyìn Soviet kan, tó gbé fọ́tò náà jáde, kí aráyé má bàa rò pé ìkógun ni.