Rọ́bà Etí Ọkọ̀ Ojú Omi Àtijọ́

Ìbéèrè: Ẹ̀yin olóòtú, rọ́bà tó yí etí ọkọ̀ ojú omi mi ká ti gbó, ó sì ti sán. Ọkọ̀ onífáíbà àtijọ́ ni, ẹ́ńjìnnì ló ń wà á. Ṣé mo lè de tuntun mọ́ ojú ihò àtijọ́?

Ìdáhùn: Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ irú èyí, abẹ́ rọ́bà yẹn gan-an ni apá ìsàlẹ̀ ọkọ̀ àti apá òkè rẹ̀ ti so pọ̀, nítorí náà ihò tó ti fẹjú kò ní di síkúrù mú, omi yóò sì máa gba ibẹ̀ wọlé. Ẹ fi epoxy tó ki (gọ́ọ̀mù alápòpọ̀ tó máa ń le bó bá gbẹ) dí ihò wọ̀nyẹn, kí ẹ tó lu òmíràn. Síkúrù irin tí kì í dípẹtà, oríṣi 316, ni kí ẹ lò, pẹ̀lú gọ́ọ̀mù ọkọ̀ ojú omi nínú ihò kọ̀ọ̀kan. Ẹ jọ̀wọ́, kì í ṣe silicone (gọ́ọ̀mù tó máa ń rọ̀ bíi rọ́bà), nítorí ohun mìíràn kì í fẹ́ lẹ̀ mọ́ ibi tó bá ti kàn. Rọ́bà tuntun máa ń le: ẹ rẹ ẹ́ sínú omi gbígbóná kí ó lè rọ̀ yí imú ọkọ̀, kí ẹnì kan máa fà á bí ẹnì kejì ti ń dè é. Ẹ má tíì gé ìpẹ̀kun rọ́bà náà lójú ẹsẹ̀, torí pé bó bá tutù tán, yóò sún kì.