Láti pápákọ̀ òfurufú Heathrow ní London dé ti JFK ní New York: ó jìn tó báwo, wákàtí mélòó sì ni?

Ó tó nǹkan bíi kìlómítà 5,540, ìyẹn bíi máìlì 3,440. Láti London lọ, ẹ ka wákàtí méje ààbọ̀ sí mẹ́jọ. Àbọ̀ kì í pẹ́ tó bẹ́ẹ̀, bíi mẹ́fà ààbọ̀ sí méje ni. Atẹ́gùn ló fà á: lókè lọ́hùn-ún tí bàálù ń gbà, atẹ́gùn líle kan ń fẹ́ láti ìwọ̀-oòrùn sí ìlà-oòrùn. Ó ń ti ẹni tó ń lọ sí London lẹ́yìn, ó sì ń dá ẹni tó ń lọ sí New York dúró. Ìgbà òtútù ló máa ń le jù.

Ẹ má jẹ́ kí aago orí tíkẹ́ẹ̀tì dà yín láàmú o. Wákàtí márùn-ún ni New York fi wà lẹ́yìn London, nítorí náà bàálù tó gbéra ní aago mẹ́wàá àárọ̀ lè balẹ̀ ní aago kan ọ̀sán, bí ẹni pé wákàtí mẹ́ta péré ló lò. Nínú àwọn bàálù akérò, Concorde tó máa ń yára ju ìró lọ nìkan ló ṣe irú ìyẹn rí: ní 1996, ó ti New York dé London láàárín wákàtí méjì àti ìṣẹ́jú 53.