Ìbéèrè Yín, Ìdáhùn Wa: Ọ̀nà Ìwádìí Kọ̀ǹpútà fún Ará Àjàṣẹ́, Kétu àti Sábẹ ní Orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀

Ìbéèrè: Olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọ̀dọ́mọkùnrin ará Àjàṣẹ́ ni mí, mo wà ní ọdún kejì Master nínú ìmọ̀ kọ̀ǹpútà. Nígbàkúùgbà tí mo bá gbọ́ nípa ẹ̀kọ́-ọ̀fẹ́ tàbí àpérò kan, ọjọ́ tí wọ́n dá a ti kọjá, tàbí kó jẹ́ pé èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ gbogbo rẹ̀, bẹ́ẹ̀ èdè Faransé ni wọ́n fi kọ́ mi. Ṣé ọ̀nà wà fún irú wa, àbí kí n kúkú wá iṣẹ́ mìíràn ṣe?

Ìdáhùn: Ẹ má wá iṣẹ́ mìíràn. Dangbo kò jìnnà sí yín, ibẹ̀ sì ni ilé-ẹ̀kọ́ IMSP wà, èyí tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1988, tó wà lábẹ́ Yunifásítì Abomey-Calavi, tí wọ́n sì ti ń kọ́ni ní ìṣirò, físíìsì àti kọ̀ǹpútà títí dé ipele dókítà, oyè ìmọ̀ tó ga jù ní yunifásítì. IFRI náà wà ní Abomey-Calavi, ìmọ̀ kọ̀ǹpútà gan-an ni iṣẹ́ tiwọn. Ẹ má kàn lọ síbẹ̀ torí fọ́ọ̀mù nìkan. Ẹ béèrè ọjọ́ tí àwọn tó ń ṣe dókítà máa ń ṣàlàyé iṣẹ́ wọn fún ara wọn, kí ẹ lọ jókòó tì wọ́n, kí ẹ gbọ́, kí ẹ sì béèrè ohun tí kò yé yín. Ìdí tí ìròyìn fi ń pẹ́ kó tó dé etí yín ni pé àárín àwọn tó ń ṣiṣẹ́ pọ̀ ló ti kọ́kọ́ ń tàn ká: olùkọ́ kan á gbọ́ lẹ́nu ojúgbà rẹ̀ ní Dakar tàbí ní Yaoundé, á sọ ọ́ fún àwọn tó wà lọ́dọ̀ rẹ̀, ìgbà tó bá fi máa dé ìta, ọjọ́ á ti sún mọ́lé.

Ní ti èdè Faransé, àpérò CARI, ti àwọn tó ń ṣe ìwádìí kọ̀ǹpútà ní Áfíríkà, wà fún irú yín. Yaoundé ni wọ́n ti ṣe àkọ́kọ́ rẹ̀ ní ọdún 1992, ọdún méjì-méjì ni wọ́n sì ń pè é káàkiri Áfíríkà. Kùtọnu wa níbí ló gbà á lálejò ní ọdún 2006. Wọ́n ń gba iṣẹ́ tí a fi èdè Faransé kọ àti èyí tí a fi Gẹ̀ẹ́sì kọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìwé ìwádìí tí wọ́n ń pè ní ARIMA, tí kì í gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹni tó kọ iṣẹ́ síbẹ̀, tí kì í sì í gba owó lọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ kà á.

Bí ọkàn yín bá fà sí òye àtọwọ́dá tí gbogbo ayé ń pè ní AI, ẹ mọ orúkọ Deep Learning Indaba, ìpàdé tí àwọn tó ń ṣe ìwádìí AI ní Áfíríkà ti ń kọ́ ara wọn lẹ́kọ̀ọ́. Johannesburg ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní ọdún 2017. Ó dé Accra ní 2023, Dakar ní 2024 àti Kigali ní 2025. Wọ́n máa ń fi owó ìrìn-àjò ran àwọn kan lọ́wọ́ nínú àwọn tí wọ́n bá yàn, ẹni tó bá sì jẹ́ ọmọ Bẹ̀nẹ̀ kò nílò físà kó tó wọ Accra tàbí Dakar. Ilé-ẹ̀kọ́ ìṣirò AIMS náà wà, èyí tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Gúúsù Áfíríkà ní ọdún 2003, tó ti ní ẹ̀ka ní Mbour ní orílẹ̀-èdè Senegal láti ọdún 2011. Ẹ̀kọ́, ibùgbé àti oúnjẹ ló wà nínú ẹ̀kọ́-ọ̀fẹ́ Master wọn. Ẹ bá olùkọ́ yín sọ̀rọ̀ nípa lẹ́tà ìjẹ́rìí kí wọ́n tó ṣí fọ́ọ̀mù rárá, nítorí lẹ́tà tí olùkọ́ bá kánjú kọ kì í sọ ohun kan pàtó nípa akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀, àwọn tó ń yan ènìyàn sì mọ̀ ọ́n tí wọ́n bá rí i.

Mi ò ní tàn yín lórí Gẹ̀ẹ́sì: òun ni wọ́n fi ń kọ èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ ìwádìí kọ̀ǹpútà, ó sì di dandan kí ẹ lè kà á. Àmọ́ kíkà rẹ̀ rọrùn ju sísọ rẹ̀ lọ, ohun kíkà sì pọ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Láti ọdún 1991 ni arXiv, ibùdó kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ti ń kó àpilẹ̀kọ ìwádìí jọ fún ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ kà. Ní ọdún 2022, ACM, ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ kọ̀ǹpútà, ṣí gbogbo ohun tí wọ́n tẹ̀ jáde láti 1951 dé 2000 sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ mú àpilẹ̀kọ kan lórí ohun tí ẹ ti mọ̀ lédè Faransé, kí ẹ kà á títí á fi yé yín, kí ẹ tó mú òmíràn.

Ìbéèrè: Bàbá ni mí ní Kétu. Ọmọbìnrin mi fi iṣẹ́ tó fi gba Licence, oyè àkọ́kọ́ ní yunifásítì, ránṣẹ́ sí àwọn kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ní àwọn ń tẹ iṣẹ́ ìwádìí jáde. Ní ọjọ́ kejì ni wọ́n kọ̀wé padà pé àwọn ti gba iṣẹ́ náà, wọ́n pe ọmọ ní ọ̀jọ̀gbọ́n, wọ́n sì ní kí a san irínwó dọ́là kí ọ̀sẹ̀ tó parí. Inú ọmọ ń dùn. Ṣé kí n wá owó náà?

Ìdáhùn: Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá, ẹ má san án. Ó dùn mí pé irú lẹ́tà yìí ń wọ ilé àwọn ènìyàn tí wọ́n fi làálàá rán ọmọ nílé-ìwé, ayọ̀ òbí gan-an ni àwọn tó ń kọ ọ́ sì ń fi pawó.

Ẹ wo lẹ́tà náà dáadáa. Kò sí ẹni tó lè ka iṣẹ́ ìwádìí, kó yẹ̀ ẹ́ wò, kó sì fọwọ́ sí i láàárín ọjọ́ kan. Níbi tí iṣẹ́ ti jẹ́ òótọ́, wọn á fún ọ̀mọ̀wé méjì tàbí mẹ́ta tó mọ ọ̀rọ̀ náà ní iṣẹ́ ọ̀hún kà. Ó lè gba ọ̀sẹ̀ púpọ̀, ó lè gba oṣù. Ohun tí yóò sì padà wá ni ìwé tó ń tọ́ka sí ibi tí kò tọ́, ojú ewé báyìí, àwòrán báyìí, ìṣirò tí kò pé. Bí ẹ bá wá irú àlàyé bẹ́ẹ̀ nínú lẹ́tà yín tí ẹ kò rí i, a jẹ́ pé ẹnikẹ́ni kò ka iṣẹ́ ọmọ yín.

Mi ò sọ pé gbogbo ibi tí wọ́n ti ń gba owó ni ẹ̀tàn o. Àwọn ìwé ìwádìí tòótọ́ kan máa ń gba owó, àpérò tòótọ́ náà sì máa ń ní owó ìforúkọsílẹ̀. Ṣùgbọ́n wọn á ti kọ iye náà síta kí ènìyàn tó fi iṣẹ́ ránṣẹ́, orúkọ àwọn ọ̀mọ̀wé tó ń darí rẹ̀ á hàn, a sì lè kọ̀wé sí wọn pé kí wọ́n dín in kù fún ẹni tó wá láti orílẹ̀-èdè bíi tiwa. Kí ọmọ yín mú lẹ́tà náà lọ bá olùkọ́ tó darí iṣẹ́ rẹ̀. Ẹ sì sọ fún un pé ìrètí ń bẹ fún un: bí ó bá parí Master, OWSD, ẹgbẹ́ àwọn obìnrin onímọ̀ sáyẹ́ǹsì tó wà ní Trieste ní Ítálì, máa ń fún àwọn obìnrin láti àwọn orílẹ̀-èdè tí ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì kò tíì gbilẹ̀, Bẹ̀nẹ̀ sì wà lára wọn, ní owó ilé-ẹ̀kọ́, ìrìn-àjò àti àtijẹ láti ṣe dókítà ní orílẹ̀-èdè mìíràn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gòkè. Àwọn ló ń sanwó, ọmọ kọ́.

Ìbéèrè: Olùkọ́ èdè Yorùbá ni mí ní Sábẹ, àwọn àgbà ni mò ń kọ́ ní kíkà àti kíkọ. Mi ò kọ́ kọ̀ǹpútà. Ṣé irú mi wúlò nínú ìwádìí yìí?

Ìdáhùn: Ẹ wúlò púpọ̀, Ìyá. Láti ọdún 2019 ni ẹgbẹ́ kan tí wọ́n ń pè ní Masakhane ti ń ṣiṣẹ́ lórí èdè Áfíríkà, àwọn olùkọ́ èdè àti atúmọ̀ èdè sì wà láàárín wọn. Iṣẹ́ wọn kan rí báyìí: wọ́n fún ènìyàn ní gbólóhùn bíi "Adémọ́lá lọ sí Kétu ní ọjọ́ Ajé", òun á sì sàmì sí Adémọ́lá pé ènìyàn ni, sí Kétu pé ìlú ni, sí ọjọ́ Ajé pé ìgbà ni. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún irú rẹ̀ ni ẹ̀rọ fi ń kọ́ èdè. Àkójọ wọn ti ọdún 2022 kó 20 èdè jọ, Yorùbá àti Fọ̀n wà níbẹ̀.

Ibì kan wà tó ń dùn mí. Ní ọdún 2022 kan náà, nígbà tí wọ́n kó gbólóhùn jọ kí ẹ̀rọ lè máa túmọ̀ èdè, èdè Faransé ni wọ́n fi so mọ́ Fọ̀n àti Ewé, ṣùgbọ́n Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi so mọ́ Yorùbá. Ó yéni, nítorí Nàìjíríà ni àwọn tó ṣe ti Yorùbá pọ̀ sí. Ṣùgbọ́n ìyá àgbà ní Sábẹ tó gba ìwé láti ilé ìwòsàn, Faransé ni wọ́n fi kọ ọ́. Àwa tí a gbọ́ Yorùbá tí a sì ka Faransé ni iṣẹ́ yẹn ń dúró dè, kò sì sí ẹlòmíràn tó lè bá wa ṣe é.

Ẹ wá ẹni méjì tàbí mẹ́ta ní Sábẹ tó mọ èdè méjèèjì kọ dáadáa, tí kì í fo àmì ohùn. Ẹ mú ìwé tí àwọn ènìyàn nílò, tí ẹni tó ni ín sì gbà kí ẹ lò, kí ẹ máa túmọ̀ rẹ̀ ní gbólóhùn-gbólóhùn, kí ẹlòmíràn sì yẹ̀ ẹ́ wò. Kí ẹ kọ orúkọ ẹni tó ṣe ọ̀kọ̀ọ̀kan síbẹ̀, torí pé nígbà tí Masakhane tẹ àkójọ àkọ́kọ́ wọn jáde ní ọdún 2021, wọ́n ka àwọn tó sàmì sí gbólóhùn mọ́ àwọn tó kọ àpilẹ̀kọ náà. Lẹ́yìn náà kí ẹ gbé e lọ bá àwọn olùkọ́ kọ̀ǹpútà ní Dangbo.